Oorun Ẹni tí ń Ṣọ́ Arúgbó

Ẹni tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí ni ẹni tí ń tọ́jú ìyá tàbí bàbá tí iyè rẹ̀ ti rà. Gbogbo àlejò ni í béèrè àlàáfíà arúgbó náà, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó béèrè bóyá ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ rí oorun sùn.

Obìnrin kan wá sí ilé ìwòsàn wa láti abúlé kan ní agbègbè Lágelú. Gàrí ni ó ń ṣe. Ó fi aṣọ di ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, nítorí pé ó tòògbé nídìí agbada, ọwọ́ rẹ̀ sì kan irin gbígbóná. Bí mo ti ń wẹ ojú egbò náà, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní oògùn oorun." Mo bi í pé kí ni kì í jẹ́ kí ó sùn. Ó ní ìyá ọkọ òun ni. Láti nǹkan bí ọdún méjì, bí ó bá ti di aago kan òru, Ìyá a dìde, wọn a di ẹrù wọn, wọn a ní àwọn ń lọ sí ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí a kò bá tètè dá wọn dúró, inú igbó ni wọn yóò gbà lọ.

Ọ̀rọ̀ tí ó sọ tẹ̀lé e ni ó mú mi kọ ìwé yìí. Ó ní, "Ní alẹ́ tí Ìyá tilẹ̀ sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, èmi kì í sùn. Ojú mi a là kalẹ̀, n óò máa fetí sílẹ̀ de ìró ilẹ̀kùn."

ÀRÙN NI, KÌ Í ṢE ÀJẸ́

Kí a tó lọ jìnnà, mo fẹ́ kí ó yé wa pé arúgbó tí ń rìn lóru kò ṣe àjẹ́. Àrùn ọpọlọ ni iyè ríra. Ní ọdún 1992, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àyẹ̀wò àwọn àgbàlagbà tí ó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ìdíkàn, ní àárín ìlú Ìbàdàn. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú ní ìlú Indianapolis. Ní ọdún 2001 wọ́n tẹ èsì jáde: nínú 1,000 àgbàlagbà, bíi 14 ni àrùn náà ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dọọdún ní Ìdíkàn, bíi 32 sì ni ti Indianapolis. Àrùn náà kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa tó ti ọ̀hún, ṣùgbọ́n ó wà láàárín wa.

Àrùn yìí a máa da òru pọ̀ mọ́ ọ̀sán lójú arúgbó. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé ó lè ba oorun ẹni tí ń ṣọ́ ọ jẹ́ pẹ̀lú.

ÌDÍ TÍ OORUN FI Ń SÁ

Bí ènìyàn bá ń fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣọ́ òru lórí ẹní rẹ̀, ara rẹ̀ yóò kọ́ pé ibi ìṣọ́ ni ẹní jẹ́, kì í ṣe ibi oorun. Nígbà tí ó bá sì rẹ̀ ẹ́, yóò tètè dùbúlẹ̀ ní aago mẹ́jọ, yóò tún sùn díẹ̀ ní ọ̀sán, yóò jẹ obì kí ojú rẹ̀ lè là. Ó rò pé òun ń ran ara òun lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ṣe ni ó ń lé oorun òru jìnnà sí i. Nítorí náà, bí arúgbó tilẹ̀ sùn, olùtọ́jú kò ní lè sùn.

Ohun tí ara bá kọ́, a lè mú kí ó gbàgbé rẹ̀. Orí èyí ni ìtọ́jú tí àwọn dókítà ń pè ní CBT-I dúró lé. Ní ọdún 2016, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà tí à ń pè ní American College of Physicians dámọ̀ràn pé ìtọ́jú yìí ni kí a kọ́kọ́ fún àgbàlagbà tí àìróorunsùn ti di bárakú fún, kí a tó ronú kan oògùn. Àwọn òyìnbó ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Virginia ṣe irú rẹ̀, ní ọdún 2022 sì ni àjọ NICE ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ọwọ́ sí èyí tí ń jẹ́ Sleepio. Ó bá ẹni tí kò lè fi arúgbó sílẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn mu gidigidi. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ sì ní fóònù tí ó dára, ẹ lè kà á kí ẹ sì túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá yín. Ṣùgbọ́n bí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá dé abúlé yín, ẹ má ṣe bọ́hùn. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni ó ń wo ènìyàn sàn. Ìwé àti bírò, pẹ̀lú fóònù kékeré tí a fi ń pe ènìyàn, tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ NÁÀ NÌYÍ

Èkíní: Ẹ kọ ìwé oorun fún ọjọ́ méje. Ní àràárọ̀, ẹ kọ aago tí ẹ dùbúlẹ̀, iye wákàtí tí ẹ rò pé ẹ sùn, àti aago tí ẹ dìde. Ẹ má ṣe máa wo aago lóru.

Èkejì: Ẹ má ṣe lọ sórí ẹní àfi bí oorun bá ń kùn yín. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 20 tí oorun kò wá, ẹ dìde, ẹ jókòó sí ibòmíràn nínú ìmọ́lẹ̀ díẹ̀, kí ẹ padà nígbà tí ojú bá wúwo.

Ẹ̀kẹta: Aago kan náà ni kí ẹ máa dìde lójoojúmọ́, ìbáà ṣe pé ẹ sùn tàbí ẹ kò sùn. Ìpè àdúrà àsùbáà dára láti fi ṣe àmì. Ẹ má sì ṣe máa sùn ní ọ̀sán.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ gé àkókò orí ẹní kù sí iye oorun tí ẹ ń sùn gan-an. Obìnrin tí mo sọ yìí ń dùbúlẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó ń dìde ní aago mẹ́fà. Wákàtí 9 nìyẹn, ṣùgbọ́n wákàtí 5 àti ààbọ̀ péré ni ó ń sùn nínú rẹ̀. Mo ní kí ó máa dùbúlẹ̀ ní aago méjìlá òru, kí ó sì máa dìde ní aago márùn-ún ààbọ̀. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá, tí ó sì ń sùn tó wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 40 nínú rẹ̀, kí ó fi ìṣẹ́jú 15 kún un. Ẹ má ṣe gé e kọjá wákàtí 5 láé. Oorun yóò máa kùn yín ní ọ̀sán ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ jìnnà sí iná àti ẹ̀rọ. Ẹni tí ó ní wárápá, ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú rí, àti ẹni tí ń wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà kò gbọdọ̀ ṣe ẹ̀kẹrin yìí láìrí dókítà.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ jẹ obì, kọfí àti tíì mọ ní òwúrọ̀. Ẹ yan àkókò kan ní ìrọ̀lẹ́ láti ro gbogbo ìṣòro yín, kí ẹ má baà gbé wọn lọ sórí ẹní. Bí ọkàn yín bá ń sọ pé, "Bí n kò bá sùn lónìí, ó tán fún mi lọ́la," ẹ rántí iye ọ̀la tí ẹ ti là já.

KÍ ẸNÌKAN MÁ DÁ A ṢE

Ẹ̀kọ́ yìí kò lè ṣiṣẹ́ bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń ṣọ́ òru. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Mo ránṣẹ́ pe ọkọ obìnrin náà, mo sì bá a sọ ọ́ láìfi bò: ìyá tí ó bí i ni. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin pín ìṣọ́ láti aago méjìlá òru di òwúrọ̀. Wọ́n so agogo kékeré mọ́ ilẹ̀kùn kí wọ́n lè gbọ́ bí Ìyá bá ṣí i. Ní ọ̀sán, wọ́n ń mú Ìyá jókòó sínú ìmọ́lẹ̀ ìta, wọ́n ń fún wọn ní ẹ̀gúsí bó, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n sùn pẹ́.

Nítorí pé ọ̀nà jìn, obìnrin náà ń pè mí lórí fóònù ní ọjọ́ Sátidé, ọmọ rẹ̀ a sì ka ìwé oorun náà sí mi létí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó sunkún, ó ní òun kò ṣe mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó mú un mọ́ra. Nígbà tí ó fi di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ń sùn tó wákàtí 6, ojú egbò rẹ̀ sì ti jinná. Àrùn Ìyá kò lọ. Kò tíì sí oògùn tí ń mú un kúrò pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń tọ́jú Ìyá ti ní agbára.

Ẹ má ṣe lọ ra Valium tàbí Lexotan lọ́wọ́ oníkẹ́místì. Wọ́n lè di bárakú, wọ́n sì ń gbé ènìyàn ṣubú. Ẹni tí ó ti ń lò ó pẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Kí ó wá bá wa. Ẹ má ṣe fi í fún arúgbó kí ó lè sùn, ẹ má sì ṣe fi okùn so ó. Bí ìdàrúdàpọ̀ arúgbó bá le sí i láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó lè jẹ́ àrùn inú ìtọ̀ tàbí ibà. Bí ẹ̀yin olùtọ́jú bá sì rí i pé ayé ti sú yín, ẹ má ṣe fi pamọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ wá.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó súnmọ́ yín, ìbáà ṣe ní Mọ́níyà, Ìyànà Ọ̀fà, Ẹgbẹ́dá tàbí Àkànràn. Bí ọ̀ràn bá le, kí wọ́n kọ ìwé fún yín sí UCH ní Ìbàdàn, níbi tí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè wà láti ọdún 2012.

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò sùn, agbára wo ni yóò fi tọ́jú ìyá? Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣọ́ arúgbó ilé yín lálẹ́ òní pé, "Ṣé o ń sùn?" Bí ó bá ní rárá, ẹ gba ìṣọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìgbà o.