Wàrà, Sóyà àti Inú Ọmọ Ọwọ́: Bí A Bá Yọ Ọ́, Ká Dá A Padà Wò

Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ nínú pámpáàsì ọmọ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà, ọkàn ará ilé kì í balẹ̀ mọ́. Ìyá ọmọ á ti máa wá nọ́ńbà dókítà, ìyá àgbà tó ti Nàìjíríà wá bá wọn wẹ ọmọ á ti ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ẹlòmíràn á ní eyín ló ń bọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó wà nínú pámpáàsì yẹn kò ju okùn ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tàbí méjì lọ, nínú ìgbẹ́ tó ń yọ̀ bí omi ilá, ọmọ sì ń mu ọmú dáadáa, ó ń tóbi, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn dókítà mọ irú èyí: ìfun ìsàlẹ̀ ọmọ ló wú díẹ̀, nítorí pé ara rẹ̀ kọ purotéènì kan tó gba inú oúnjẹ ìyá wọ inú ọmú. Wàrà màlúù ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Sóyà wà lára àwọn yòókù. A kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí fún àwọn ìdílé Yorùbá ní Prince George's County, láti Hyattsville dé Bowie, láti Laurel dé Upper Marlboro, ohun kan ṣoṣo ló sì fẹ́ sọ: pé a yọ wàrà kúrò nínú oúnjẹ ìyá, tí ẹ̀jẹ̀ sì dá, kò tíì fi hàn pé wàrà ló jẹ̀bi. Ìgbà tí a bá dá a padà, tí ẹ̀jẹ̀ tún yọ, la tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya àwọn tí kò gbọdọ̀ dúró gbọ́ àlàyé sọ́tọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ ju okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, bí ìgbẹ́ bá dúdú kirikiri lẹ́yìn tí ìgbẹ́ dúdú àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ ti tán, bí ọmọ bá ń bi omi aláwọ̀ ewé, bí ikùn rẹ̀ bá le tí ó ń ká ẹsẹ̀ jọ tí ó ń ké, bí gbogbo ara rẹ̀ bá rọ tí kò fẹ́ mu ọmú, tàbí bí ara ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta bá gbóná dé 100.4°F (38°C), ilé ìwòsàn ni ẹ máa gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Bí ètè tàbí ojú bá wú, tí ara sú, tí mímí sì di wàhálà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ọmọ mu wàrà agolo, ẹ pe 911. Oríṣi kan tún wà tó máa ń dúró tó wákàtí kan sí mẹ́rin lẹ́yìn tí ọmọ mu wàrà tàbí sóyà kí èébì tó bẹ̀rẹ̀ léraléra, tí ẹ̀jẹ̀ á sì kúrò lójú rẹ̀. Lára ọmọ aláwọ̀ dúdú, inú ètè àti àtẹ́lẹwọ́ lẹ ti máa rí i. Ẹ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì, bí èyí tó wà ní UM Capital Region Medical Center ní Largo. Dídá wàrà padà nílé, tí a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, kò kan àwọn ọmọ wọ̀nyí rárá. Iwájú dókítà ni wọ́n ti ń ṣe tiwọn.

Fún àwọn yòókù, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìwádìí rí. Ní Massachusetts, àwọn olùwádìí tẹ̀lé ọmọ 903 láti ìgbà tí wọ́n bí wọn. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020, dókítà ti sọ fún òbí ọmọ 153, ìyẹn ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún, pé ìfun ọmọ wọn wú nítorí oúnjẹ. Ní Israel, àwọn mìíràn wo ọmọ tó lé ní 13,000. Èsì tiwọn, tó jáde ní 2012, rí ọmọ 21 péré tí wàrà màlúù mú kí wọ́n máa yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn kò tó méjì nínú ẹgbẹ̀rún. Ó ṣòro láti gbà pé ìfun àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè méjèèjì ló yàtọ̀ síra tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún; ó dà bíi pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ń pe nǹkan ní àìsàn ló yàtọ̀. Èyí tó ṣe kedere jù ni ti Finland ní 2006. Wọ́n kó ọmọ ogójì tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ nínú ìgbẹ́ wọn jọ, wọ́n yọ wàrà fún apá kan, wọn kò yọ ọ́ fún apá kejì, lẹ́yìn náà ni wọ́n dá wàrà padà láti dán an wò. Ọmọ méje ni wàrà jẹ̀bi ọ̀ràn wọn. Nínú gbogbo wọn lápapọ̀, yíyọ wàrà kò mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá ju bí ì bá ti dá fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹni tó ti rí i tí ẹ̀jẹ̀ dá lẹ́yìn tí ìyá jáwọ́ nínú wàrà lè ní, "Ẹ̀rí wo lẹ tún ń wá?" Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: bí ìyá àgbà bá fún ọmọ ní àgbo lọ́jọ́ Ajé tí ẹ̀jẹ̀ dá lọ́jọ́ Ẹtì, àgbo ló máa gba ọpẹ́; bí ìyá ọmọ bá jáwọ́ nínú wàrà agolo Peak lọ́jọ́ Ajé kan náà, Peak ló máa gba ẹ̀bi. Ẹ̀jẹ̀ tó máa dá fúnra rẹ̀ kò mọ èyí tí a ṣe. Nígbà mìíràn, ojú ìdí ọmọ ló ya nítorí ìgbẹ́ líle, tàbí orí ọmú ìyá ló bó tí ọmọ ń gbé ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ mì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìlànà àwọn dókítà fi ní kí a yọ wàrà fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, kí a sì dá a padà ní mímọ̀-ọ́n-mọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá padà, ìyá bọ́ lọ́wọ́ yíyẹra fún oúnjẹ láìnídìí. Bí ó bá padà, kò léwu fún ọmọ tó ń dàgbà dáadáa. Ẹ tún yọ ọ́, ẹ sì ti ní ìdánilójú. Àwọn ìyá tó ń sá fún ìgbésẹ̀ kejì yìí kò ṣe àṣìṣe nítorí àìmọ̀kan; ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ló ń bà wọ́n, ó sì yéni. Àmọ́ ìyá tó wá ń jẹ oúnjẹ oríṣi mẹ́rin péré fún oṣù mẹ́jọ, tó wá sú u tí ó sì já ọmọ lẹ́nu ọmú, ti pàdánù ohun tó pọ̀ ju okùn ẹ̀jẹ̀ kan lọ.

Bí a bá ṣí ìkòkò Yorùbá wò, wàrà kò sí níbẹ̀: ẹ̀fọ́ rírò, gbẹ̀gìrì, ewédú, àmàlà, iyán, ọ̀fadà. Àfi ìgbà tí ọmọ bá dé. Ìgbà yẹn ni ògì gbígbóná máa ń wọlé láàárọ̀ àti lálẹ́ kí omi ọmú lè wá, tí wọ́n á da wàrà agolo sí i títí àwọ̀ rẹ̀ á fi yí padà, tí Milo á tẹ̀lé e lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ Milo fúnra rẹ̀ ti ní wàrà nínú kí ẹnikẹ́ni tó fi mílíìkì pò ó. Ìyá kan lè má fẹnu kan wàrà láti ọdún dé ọdún, kó wá mu agolo kan lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ọmọ. Ìyá àgbà kò ṣe é láìdáa. Ṣùgbọ́n ọmú tí ọmọ ń fà léraléra ló ń mú omi ọmú wá, ògì láìsí wàrà sì gbóná bákan náà. Nítorí náà, ibi tí ẹ máa kọ́kọ́ yọ ọ́ nìyẹn, kí ẹ tó wá lọ sí bọ́tà, wáràkáṣì, yógọ́ọ̀tì, áísìkíríìmù, ṣin-ṣin, kéèkì àti búrẹ́dì. Bí dókítà bá ní kí ẹ yọ wàrà àti sóyà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ dá wọn padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tó jẹ̀bi.

Sóyà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ díjú ní ilé wa. Láàárín àwọn ọdún 1980, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn polongo rẹ̀ fún oúnjẹ ìdílé, ilé ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì sì ti da sóyà pọ̀ mọ́ ògì kí ọmọ lè rí purotéènì jẹ. Iṣẹ́ dáadáa ni, ó sì wọlé gan-an: Golden Morn alágbàdo ní sóyà nínú, àwọn kan ti ń fi sóyà ṣe irú dípò igbá, sóyà sì wà nínú àwọn kan lára àwọn magí tí a ń fọ́ sọ́bẹ̀. Ọjà tí wọ́n dì ní Amẹ́ríkà rọrùn: láti January 2006, òfin ti ní kí wọ́n kọ wàrà àti sóyà ketekete sára páálí, lọ́pọ̀ ìgbà lábẹ́ "Contains". Ṣùgbọ́n irú tí wọ́n wé sínú ọ̀rá ní ṣọ́ọ̀bù Áfíríkà ní Lanham, tàbí ṣin-ṣin tí ẹnì kan dín nílé tó wá ń tà níbi ayẹyẹ, kò ní àkọlé kankan. Ẹ bi ẹni tó ṣe é, bí kò bá sì mọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin yẹn. Ohun kan tí ẹ kò ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í dà nù ni òróró. Èyí tí wọ́n ń pè ní "vegetable oil" níbí sábà máa ń jẹ́ òróró sóyà, ṣùgbọ́n wọ́n ti sẹ́ ẹ débi pé purotéènì inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, òfin pàápàá kò kà á mọ́ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kìlọ̀ lé lórí. Ẹ máa dín dòdò yín lọ.

Àwọn ọ̀nà àbùjá kan wà tí kò dé ibi tí a ń lọ. Wàrà ewúrẹ́ kò yàtọ̀, torí purotéènì rẹ̀ jọ ti màlúù gan-an. Wàrà tí wọ́n kọ "lactose-free" sí lára kò yanjú rẹ̀, nítorí ṣúgà inú wàrà ni lactose, purotéènì sì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Òótọ́ ni pé wàrà máa ń da inú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa rú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣúgà yẹn ni, kì í sì í sábà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ ọmọ. Àwọn kan á ní, "Kí ló dé tí ẹ kò kúkú fi ọmú sílẹ̀, kí ẹ bọ́ sórí fọ́múlà?" Fọ́múlà gbogbogbò wàrà màlúù ni, "gentle" kò tíì gé purotéènì náà wẹ́wẹ́ tó, ti sóyà sì lè tún dá wàhálà mìíràn sílẹ̀. Èyí tó bá a mu, bí Nutramigen tàbí Alimentum, tàbí Neocate àti EleCare fún àwọn díẹ̀ tí tiwọn le, wọ́n gan-an. Ní 2022, tí ilé iṣẹ́ Abbott ní Sturgis, Michigan tì lẹ́yìn tí wọ́n ní kí àwọn ènìyàn dá ọjà kan padà, Alimentum àti EleCare di ohun àwátì lórí àtẹ. Ọmú kì í tán lórí àtẹ. Ọmọ tó sì nílò fọ́múlà wọ̀nyí lóòótọ́ kò gbọdọ̀ máa gba èyí tí wọ́n fi omi là: ẹ gba ìwé dókítà lọ sí ọ́fíìsì WIC, kí ẹ sì bi ìnṣọ́ránsì yín, nítorí òfin Maryland ní kí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ san owó fọ́múlà alámínò ásíìdì fún irú àìsàn ìfun kan tí dókítà bá fọwọ́ sí i.

Ìyá tó yọ wàrà ṣì ní egungun tirẹ̀ láti tọ́jú. Kálísíọ̀mù mílígíráàmù 1,000 ni obìnrin tó ti lé ní ọdún 18 nílò lójúmọ́. Agolo sàdíìnì kan, tí a jẹ pẹ̀lú egungun, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta rẹ̀. Ẹ̀fọ́ máa fi kún un, bẹ́ẹ̀ ni wàrà álímọ́ńdì tí wọ́n fi kálísíọ̀mù kún. Ọmọ tó ń mu ọmú nìkan nílò fítámìnì D 400 IU lójúmọ́, yálà a yọ wàrà tàbí a kò yọ ọ́. Oòrùn ìgbà òtútù Maryland kò tó fún awọ dúdú. Ní ti àgbo jẹ̀díjẹ̀dí àti oògùn eyín, ó yẹ ká sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ pamọ́: inú tó ti wú kò nílò ohun tí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Nàìjíríà kò tíì gbàgbé 2008, tí oògùn eyín My Pikin tí kẹ́míkà wọ̀ pa ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ẹ kò ní láti bá ìyá àgbà jà nítorí rẹ̀. Òun ló mọ bí a ṣe ń wẹ ọmọ àti bí a ṣe ń nà án. Ẹ fún un ní iṣẹ́ kíka ara páálí ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ náà á yé e.

Bí wàrà bá jẹ̀bi lóòótọ́, kò ní jẹ̀bi títí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń borí rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún kan. Kí ẹ máa dá ẹyin àti ẹ̀pà lílọ̀ dúró nítorí wàrà kò bójú mu. Nígbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ẹ fi wọ́n sí i díẹ̀díẹ̀ bí dókítà bá ti gbà. Ní oṣù mẹ́sàn-án sí méjìlá, ẹ jọ ṣètò dídá wàrà padà: ìyá kọ́kọ́ jẹ ẹ́, lẹ́yìn náà kí ọmọ jẹ bisikíìtì tí wọ́n fi wàrà yan, kí ó tó kan yógọ́ọ̀tì àti wàrà gan-an. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ tún gbìyànjú lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Bí kò bá yọ, ẹ lọ sí dékíà ọmọ àti ọ́fíìsì dókítà rẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ "ara rẹ̀ kọ wàrà" rẹ́ kúrò nínú ìwé rẹ̀, kí ó má bàa tẹ̀ lé e dé ilé ẹ̀kọ́.