Ẹ̀KỌ́ KẸSÀN-ÁN: IRIN TÍ KÌ Í JẸ́ KÍ ỌKỌ̀ FÌ JÙ

Lónìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa irin kan tó wà lábẹ́ mọ́tò. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ya kọ́nà ni irin náà ń ṣiṣẹ́.

Ṣé ẹ ti wọ mọ́tò tó sáré ya kọ́nà rí? Bí ọkọ̀ bá yà sí ọ̀tún, ara wa á fì sí òsì. Bí ó ti ń ṣe wá náà ni ó ń ṣe ọkọ̀. Ara ọkọ̀ á tẹ̀ sí òsì. Sípíríǹgì òsì á sún kì, ti ọ̀tún á nà. Ìwúwo ọkọ̀ á wá pọ̀ jù lórí àwọn táyà òsì.

Nítorí èyí ni a ṣe ń fi irin náà sí abẹ́ ọkọ̀. Ní ọdún 1919, ará Kánádà kan tí ń jẹ́ Stephen Coleman gba ìwé àṣẹ lórí irú irin bẹ́ẹ̀. Lónìí, ó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Sitẹbiláísà ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè é.

BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́

Irin náà gùn láti ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkọ̀ dé ẹsẹ̀ òsì. Rọ́bà méjì ni ó dì í mú mọ́ ara ọkọ̀. Búṣìn ni orúkọ rọ́bà wọ̀nyí. Etí irin náà méjèèjì tẹ̀ bí apá ènìyàn. Líńkéèjì ni ó so apá kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, irin náà á kàn yí nínú búṣìn ni. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ kan bá gòkè, tí èkejì kò gòkè, irin náà á lọ́, bí ìgbà tí a bá ń fún aṣọ tí a fọ̀. Irin kò sì fẹ́ lọ́. Agídí rẹ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì jù.

Ẹ ṣàkíyèsí o: irin yìí kì í gbé ẹrù. Sípíríǹgì ni ó ń gbé ẹrù. Ẹni tó di ẹrù kọjá agbára ọkọ̀, tó wá ń wá sitẹbiláísà tó nípọn kiri, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

IRIN TÓ NÍPỌN JÙ TI TẸ́LẸ̀

Àwọn mìíràn máa ń yọ irin tó bá ọkọ̀ wá, wọn a ra èyí tó nípọn jù ú lọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò díẹ̀. Bí irin ti tẹ́lẹ̀ bá jẹ́ mílímítà 20, tí tuntun jẹ́ mílímítà 22, mílímítà 2 péré ni a fi kún un. Ṣùgbọ́n bí líle rẹ̀ bá jẹ́ 100 tẹ́lẹ̀, yóò di 146. Bí ó bá jẹ́ mílímítà 24, líle rẹ̀ yóò ju ìlọ́po méjì lọ. Ohun kékeré ló ń mú ìyàtọ̀ ńlá wá níbí.

Àwọn kan nínú irin tuntun wọ̀nyí ní ihò méjì tàbí mẹ́ta ní apá kọ̀ọ̀kan. Ihò tó wà ní ìparí apá ni ó rọ̀ jù. Èyí tó súnmọ́ àárín irin ni ó le jù. Ẹ rántí sípánà. Sípánà gígùn á yí nọ́ọ̀tì tó le wẹ́rẹ́. Kúkúrú á fi òógùn bò wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni apá irin yìí. Bí apá bá gùn, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á rí irin lọ́ wẹ́rẹ́.

IWÁJÚ ÀTI Ẹ̀YÌN

Ibí yìí ni ẹ̀mí wà, kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Bí irin iwájú bá le jù, a ó yí sitiárìn ní kọ́nà, ṣùgbọ́n iwájú ọkọ̀ á fẹ́ máa lọ tààrà. Bí irin ẹ̀yìn bá le jù, ìdí ọkọ̀ ni yóò fẹ́ yọ síta. Ọkọ̀ lè yí po lójú títì.

Èkejì yìí ló léwu jù, pàápàá nígbà òjò. Bí iwájú bá ń yọ̀, awakọ̀ á rọra dín eré kù, ọkọ̀ á sì tún padà gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n bí ìdí bá yọ, tí ẹ̀rù ba awakọ̀, tó tẹ bíréèkì lójijì, ìdí á túbọ̀ yọ ni. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sáré mú irin ẹ̀yìn le.

BÍ A ṢE Ń TÚN UN ṢE

1. Ẹ kọ́kọ́ yẹ atẹ́gùn táyà, ṣọ́ọ̀kì, búṣìn àti líńkéèjì wò. Líńkéèjì tó ti jẹ máa ń dún kò-kò-kò nínú gálọ́ọ̀pù. Ẹ pààrọ̀ èyí tó bàjẹ́. Ó lè jẹ́ pé òun nìkan ni wàhálà ọkọ̀ yín, owó irin tuntun á sì kù sápò.

2. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè pọ̀, kí irin má baà lọ́. Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ fi irin ìdúró tó lágbára sábẹ́ rẹ̀.

3. Ihò tó rọ̀ jù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ihò kan náà ni kí ọ̀tún àti òsì wà.

4. Bí líńkéèjì yín bá ṣeé fà gùn, ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà nílẹ̀, tí awakọ̀ sì jókòó sí àyè rẹ̀. Kí bóòlùtì wọlé láìfi ipá tì í. Bí a bá fi ipá tì í, irin náà ti lọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ọ̀tún àti òsì kò ní yà bákan náà mọ́.

5. Ẹ yí sitiárìn dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì. Kí irin má ṣe kan táyà tàbí rọ́bà bíréèkì.

6. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ wà á lójú ọ̀nà tí ẹ mọ̀ dáadáa, kí eré má sì pọ̀.

7. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ tún fi sípánà yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì wò.

Èrè ìwé kíkọ nìyí: ẹ mú ìwé kékeré sínú ọkọ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ọjọ́ Ajé. Ẹ̀yìn, ihò kìíní. Ọkọ̀ kò fì tó ti tẹ́lẹ̀. Kò fò nínú gálọ́ọ̀pù." Bí ọkọ̀ bá wá yíwà padà, ẹ ó mọ ibi tí ẹ ó padà sí.

ÌGBÀ TÓ YẸ KÍ A DÚRÓ

Irin tó le jù so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ jù. Bí ẹsẹ̀ kan bá bọ́ sí gálọ́ọ̀pù, èkejì á gbọ́. Bí ọkọ̀ yín bá ń fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójú ọ̀nà tí kò dára, ẹ padà sí ihò tó rọ̀.

Kì í ṣe ọkọ̀ tí kò fì rárá ni ọkọ̀ tó dára. Fífì díẹ̀ ń sọ fún awakọ̀ pé eré ti pọ̀. Ọkọ̀ tí kò fì lè tan awakọ̀ jẹ, kí ó rò pé kọ́nà kò lè mú òun. Bẹ́ẹ̀, táyà ni ó ń di ilẹ̀ mú, kì í ṣe irin. Ọkọ̀ tó gbọ́ràn sí wa lẹ́nu, tó sì gbé ìyàwó, ọmọ àti èrò dé ilé ní àlàáfíà, òun ni a ń wá.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni iṣẹ́ búṣìn? Kí ni ti líńkéèjì?
2. Ihò wo ni ó rọ̀ jù, kí sì ni ìdí rẹ̀?
3. Èwo ni ó léwu jù: kí irin iwájú le jù ni, tàbí ti ẹ̀yìn?
4. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ awakọ̀ kan bí ó bá ti yẹ líńkéèjì ọkọ̀ rẹ̀ wò lọ́dún yìí. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.