Bí a ṣe ń fi ìró fọ àwo rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá wa

Nínú agboolé Ìbàdàn àtijọ́, láti Ọjà'ba dé Mápó àti Bẹẹrẹ, kò ṣòro láti rí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá àgbà: Hárúnà Ìṣọ̀lá, Dáúdà Epo Àkàrà àti àwọn mìíràn. Ẹ gbé ọ̀kan sórí ẹ̀rọ, "krà-krà-krà" lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn? Rárá o! Lọ́pọ̀ ìgbà, eruku ọyẹ́ ló há sínú rẹ̀.

Ilà kan ṣoṣo ló wà lójú àwo, tó ń yí lọ sí àárín. Kò fẹ̀ ju irun orí lọ, ṣùgbọ́n bí a bá na ti ojú LP kan tó kún, ó lè lé ní 400 mítà. Àkísà kò lè wọ ibẹ̀. Ńṣe ló tún ń ti eruku wọlé. Ẹ̀rọ ultrasonic ló lè débẹ̀.

Ọpọ́n onírin ni. Ìdí rẹ̀ ń gbọ̀n nǹkan bí ìgbà 40,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ etí ènìyàn kì í gbọ́ ju 20,000 lọ. Ìgbọ̀n yìí ń ya omi, á dá ihò kéékèèké tí ojú kò lè rí sínú rẹ̀. Bí ihò wọ̀nyí bá ti ń pàdé, omi á já wọlé tagbáratagbára, á sì tú eruku jáde.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú àwo tó wà lọ́wọ́ yín. Èyí tó wúwo, tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, tó sì ń fọ́ bí abọ́ tánganran, shellac ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ike. Ẹ má kì í bọ ẹ̀rọ yìí. Sípíríìtì máa ń yọ́ ọ. Bó bá kàn án, orin ti lọ nìyẹn.

Fún LP onike:

1. Ẹ wá ọpọ́n tó gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, bíi ti lítà 6. Èyí tí wọ́n fi ń fọ awò ojú kéré jù.

2. Ẹ lo distilled water. Omi kànga àti pure water ní iyọ̀ tó ń gbẹ sínú ilà. Àwọn tó ń ta bátìrì mọ́tò máa ń ní in, ṣùgbọ́n ẹ ka ara ìgò dáadáa: ásíìdì bátìrì náà dà bí omi lásán! Ẹ kán ọṣẹ olómi bíntín sí i.

3. Ẹ fi ọ̀pá gba ihò àárín àwo, kí ẹ gbé e kọ́ kó má kan ìdí ọpọ́n. Ilà nìkan ni kó wọ omi. Bébà àárín kò gbọdọ̀ tutù. Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 10.

4. Ẹ má jẹ́ kí omi gbóná ju 35°C lọ. Ooru ló ń ká àwo. Bí NEPA bá mú iná, tí àwo ò yí mọ́, ẹ yọ ọ́ kíá.

5. Ẹ fi distilled water tuntun ṣàn án, kí ẹ gbé e dúró síbi òjìji kó gbẹ.

Ẹ̀rọ yìí kì í wo ibi tó ti ha. Ẹ kọ́kọ́ fi àwo tí kò ṣe pàtàkì dánwò. Bí ti bàbá bá wá mọ́ tán, ẹ gbà á sínú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà gan-an, torí orin mìíràn wà tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá.