Ọkọ̀ Oko Àtijọ́: Bí A Ṣe Ń Wá Ẹ̀yà Iná Rẹ̀ ní Lomé



Ní ọ̀pọ̀ abúlé, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń gba ojú ọ̀nà ẹrẹ̀ kọjá. Ó lè jẹ́ Land Rover àtijọ́. Ó lè jẹ́ Toyota Land Cruiser tó ti gbó. Ọkọ̀ yìí ló ń kó iṣu àti àgbàdo wa lọ sí ọjà. Òun náà ló ń gbé aboyún tó ń rọbí lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Bí kò bá ṣiṣẹ́, iṣu á jẹrà, aláìsàn á sì pẹ́ kó tó rí dókítà. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ bí a ṣe ń wá ẹ̀yà tó ń tanná sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

1. Báwo ni iná ṣe ń dé inú ẹ́ńjìnnì?

Ẹ́ńjìnnì tó ń lo bẹntiróòlù nílò iná tó ń ta kí epo tó lè jó. Iná bátìrì jẹ́ fóltì 12. Ó kéré jù. Bòbíìnì, tí àwọn kan ń pè ní kọ́ìlì, ló ń sọ ọ́ di iná líle tó ju fóltì 10,000 lọ. Pìlàtínì jẹ́ irin kékeré méjì tó ń ṣí tó sì ń pa dé. Òun ló ń mú kí bòbíìnì ta iná lásìkò. Dẹ́líkò ń pín iná náà. Búùjì, tí a tún ń pè ní púlọ́ọ̀gì, ń ta á sínú epo.

Ọkọ̀ tó ń lo dísù kò ní bòbíìnì, kò sì ní pìlàtínì. Bí dísù ni ọkọ̀ yín ń lo, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta bòbíìnì fún yín.

2. Ẹ mọ ohun tó bàjẹ́ kí ẹ tó wọ mọ́tò

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Láti Atakpamé dé Lomé tó nǹkan bí kìlómítà 160. Àlọ àti àbọ̀ ń ná ni lówó. Nítorí náà:

– Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, tí ẹ́ńjìnnì kò yí rárá, ẹ kọ́kọ́ wo bátìrì àti orí àwọn wáyà rẹ̀.
– Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ṣùgbọ́n tí kò gbiná, ẹ wò bóyá epo wà. Bí epo bá wà, kí mẹkáníìkì yẹ iná búùjì wò.
– Kí ó nu búùjì àti ojú pìlàtínì kí ẹ tó sọ pé bòbíìnì ti bàjẹ́. Nígbà mìíràn, ìdọ̀tí nìkan ni.

Ìkìlọ̀: ẹ má ṣe fọwọ́ kan wáyà búùjì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Ẹ má ṣe ṣí epo sílẹ̀ nítòsí ibi tí iná ti ń ta.

3. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Ìwé kíkà tí ẹ kọ́ yóò wúlò níbí. Ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sínú ìwé: orúkọ ọkọ̀, ọdún tí a ṣe é, nọ́ńbà ara ọkọ̀, iye búùjì rẹ̀, àti gbogbo ohun tí a kọ sí ara ẹ̀yà tó bàjẹ́. Ẹ má fo lẹ́tà kan. Ẹ mú ẹ̀yà àtijọ́ náà dání lọ.

Bòbíìnì lè jọra kí wọ́n má sì rí bákan náà. Àwọn kan nílò ẹ̀yà kékeré kan níta tó ń dín agbára iná kù. Faransé ń pè é ní "résistance". Bí ẹ bá fi irú bòbíìnì bẹ́ẹ̀ sínú ọkọ̀ tí kò ní résistance, yóò gbóná jù, yóò sì jó pìlàtínì. Ẹ bi mẹkáníìkì yín léèrè kí ẹ tó lọ.

Kí mẹkáníìkì fi nọ́ńbà sí wáyà búùjì kọ̀ọ̀kan kí ó tó yọ wọ́n. Bí a bá pa wọ́n pọ̀, ẹ́ńjìnnì kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa.

4. Zone franche kì í ṣe ọjà

Ní ọdún 1989, ìjọba Togo fi òfin dá zone franche sílẹ̀. Ó wà fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà tí wọ́n ń kó lọ sí òkèèrè. Ìjọba dín owó orí àti owó aṣọ́bodè kù fún wọn. Ṣùgbọ́n ọjà tó bá ti ibẹ̀ wọ inú ìlú gbọ́dọ̀ san owó aṣọ́bodè.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà tó ní, "Iye zone franche ni mo ń tà á," tí kò sì ní ìwé kankan, ẹ ṣọ́ra. Aṣọ́bodè lè gba ọjà náà. Owó yín á sì ṣègbé.

Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ nínú ìlú, tàbí sọ́dọ̀ àwọn tó ń tú ọkọ̀ tòkúnbọ̀. Èbúté Lomé ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àlòkù láti Yúróòpù ń gbà wọlé. Bòbíìnì tòkúnbọ̀ tó jẹ́ ojúlówó lè sàn ju ayédèrú tuntun lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ra pìlàtínì àti búùjì ní tuntun, nítorí wọ́n máa ń jẹ tán.

5. Níwájú ẹni tó ń tajà

Ẹ sọ ohun tí ẹ ń wá ní èdè Faransé: "bobine d'allumage", "vis platinées", "bougie". Ẹ gbé ti àtijọ́ àti tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ ka ohun tí a kọ sí páálí. Bí wọ́n bá kọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà lódì, ayédèrú ni. Ẹ gba ìwé tí wọ́n ń pè ní "facture". Kí ẹni tó ń tajà kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun yóò gbà á padà bí kò bá bá ọkọ̀ yín mu.

Bí ẹ bá padà délé, ẹ dá owó díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ fi ra búùjì àti pìlàtínì kan sí i, kí ẹ fi wọ́n sínú agolo nínú ọkọ̀. Aboyún kì í dúró de ẹni tó lọ sí Lomé.

Ìbéèrè

1. Kí ni iṣẹ́ bòbíìnì?
2. Kí ni a ó kọ sílẹ̀ kí a tó lọ sí Lomé?
3. Kí ló dé tí zone franche kì í fi í ṣe ọjà?
4. Ní abúlé yín, ta ló ń tọ́jú ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn? Ẹ jọ jíròrò rẹ̀.