Ohun Tí Dókítà Ẹranko Ń Wò Lẹ́nu Ọmọ Ajá

Bí ajá bá wà nílé yín, ẹ pè é wá kí a tó tẹ̀síwájú. Ẹ rọra ká ètè rẹ̀ tòkè sókè, kí ẹ wo ẹran ìdí eyín rẹ̀. Àwọ̀ píǹkì ló yẹ kó ní, kí itọ́ sì mú kó tutù. Ẹ fi ìka kan tẹ ẹran náà títí ojú ibẹ̀ á fi funfun, kí ẹ wá mú ìka kúrò. Ẹ kà á: ení, èjì. Kí ẹ tó ka èjì tán, ó yẹ kí píǹkì náà ti padà. Ọjọ́ tí ara ajá yá ni kí ẹ ṣe é, kí ojú yín lè mọ bí tirẹ̀ ṣe máa ń rí.

Kí dókítà ẹranko tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ kankan, ohun tó máa ń kọ́kọ́ ṣe nìyẹn. Ẹran ibẹ̀ kò nírun, ó fẹ́lẹ́, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín sì kún abẹ́ rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sá kúrò nínú wọn. Bí a bá mú ìka kúrò, ọkàn ló ń tì í padà. Bó bá pẹ́ kó tó padà, a jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tó ń yí ara ká ti dín, tàbí pé agbára ọkàn kò gbé e mọ́. Bó bá ti funfun láìjẹ́ pé a tẹ̀ ẹ́, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti ṣòfò. Bó bá ní àwọ̀ yẹ́lò, ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀ ló ń ṣàìsàn, ó sì lè jẹ́ àwọn kòkòrò tí eégbọn ń kó wọ ara ajá ló ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá ṣú búlúù, ajá náà kò rí afẹ́fẹ́ mí tó.

Ní Magboro níbí, tí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ajá tí mọ́tò gbá kì í ṣe ohun tuntun. Ẹni tó ni ín á gbé e dé, ẹsẹ̀ tó kán sì ni ojú rẹ̀ á wà lára. Ẹnu ni dókítà á kọ́kọ́ wò. Ẹsẹ̀ tó kán lè dúró di ọ̀la, kódà wọ́n lè fi ajá náà ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì FUNAAB l'Ábẹ́òkúta tàbí ti Yunifásítì Ìbàdàn fún iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀dọ̀ bá ti ya, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ikùn níbi tí ojú kò tó, wákàtí díẹ̀ lè ti pọ̀ jù. Ìdí eyín tó funfun ló máa ń tú àṣírí yẹn.

Àìsàn tí mo fẹ́ ká jókòó tì lónìí ni pávò, nítorí mo ti rí ìdílé tó pọ̀ tí ọmọ ajá kú mọ́ lọ́wọ́, tí wọ́n sì gbà pé aládùúgbò ló fún un ní májèlé. Ọmọ ajá tó ń sáré kiri lánàá kọ oúnjẹ lónìí. Ó bì, ó tún bì. Nígbà tó yá, ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí òórùn rẹ̀ kò ṣeé fara dà. Ọ̀rọ̀ aládùúgbò kọ́ ni, ẹ jọ̀wọ́.

Ọdún 1978 ni àwọn onímọ̀ dá fáírọ́ọ̀sì tó ń fa pávò mọ̀. Ìbátan fáírọ́ọ̀sì kan tó ti ń pa ológbò tipẹ́ ni. Ó yí padà díẹ̀, ó sì rí ọ̀nà wọ inú sẹ́ẹ̀lì ajá. Láàárín ọdún bíi méjì, ó ti yí ayé ká, nítorí kò sí ajá tí ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n rí. Ẹnu tàbí imú ló ń gbà wọlé: ọmọ ajá á lá ilẹ̀ tàbí kó fimú gbóòórùn ibi tí ajá aláìsàn ti yàgbẹ́, tàbí kí bàtà wa gbé e wálé. Ọjọ́ mẹ́ta sí méje lẹ́yìn náà ni àìsàn máa ń hàn.

Kì í ṣe inú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ni fáírọ́ọ̀sì yìí ti lè bí sí i. Sẹ́ẹ̀lì tó ń pín ara rẹ̀ sí méjì lọ́wọ́ ló ń wá. Níbo ni irú rẹ̀ pọ̀ sí lára ọmọ ajá? Mùdùnmúdùn inú eegun ni ọ̀kan, ibẹ̀ ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ìfun ni ìkejì. Inú ìfun rí bí ojú táwẹ́ẹ̀lì: fọ́nrán kéékèèké kún un, àwọn ló ń fa omi àti oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn fọ́nrán wọ̀nyí ń gbó lójoojúmọ́, sẹ́ẹ̀lì tuntun sì ń ti gbòǹgbò wọn jáde wá rọ́pò èyí tó gbó. Gbòǹgbò yẹn gan-an ni pávò ń kọlù. Ti àtijọ́ ń já bọ́, tuntun kò jáde, títí ojú ìfun á fi pá. Omi tí ọmọ ajá mu kò wọ ara mọ́. Èyí tó wà lára pàápàá ń jò padà sínú ìfun, ẹ̀jẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e. Bakitéríà tó ti ń gbé inú ìfun láìdá wàhálà sílẹ̀ á wá rí ojú ọgbẹ́ gbà wọnú ẹ̀jẹ̀. Ní àkókò yẹn kan náà, mùdùnmúdùn tó yẹ kó rán sẹ́ẹ̀lì funfun jáde láti bá wọn jà ti fara gbọgbẹ́.

Ohun tó ń pa ọmọ ajá, nígbà náà, ni omi tó ń bá ìgbẹ́ àti èébì lọ, àti bakitéríà tó wọnú ẹ̀jẹ̀. Ara ọmọ ajá fúnra rẹ̀ ló máa ṣẹ́gun fáírọ́ọ̀sì bó bá rí ọjọ́ díẹ̀ gbé sí i. Iṣẹ́ dókítà ni láti ra ọjọ́ díẹ̀ yẹn fún un.

Ẹ jẹ́ ká bá a ṣírò. Ó gbé ọmọ ajá sórí òṣùwọ̀n, ó jẹ́ kílò 4. Ó fi ìka méjì fa awọ ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ó jù ú sílẹ̀; awọ náà lọ́ra kó tó padà sáyè rẹ̀. Ẹran ìdí eyín ti gbẹ. Ó fojú bù ú pé omi tó ti lọ tó ìdá 8 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀. Ìdá 8 nínú 100 lára gíráàmù 4,000 jẹ́ 320, ìyẹn mílílítà 320. Ọmọ ajá tún nílò bíi mílílítà 60 lóòjọ́ lórí kílò kọ̀ọ̀kan kí ara rẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́: ìyẹn 240. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 560. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan jẹ́ mílílítà 500. Omi tó ju ọ̀rá kan lọ ló gbọ́dọ̀ wọ ara ẹran kékeré yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a kò sì tíì ka èyí tó ṣì ń bì.

Kí ló dé tí a kò lè fún un mu? A mọ iyì omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ ènìyàn tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ṣùgbọ́n ìfun tó ti pá kò lè fa omi tó, ẹni tó ń bì kò sì lè gbà á dúró. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń fá irun iwájú apá ọmọ ajá, tó ń fi sípíríìtì nù ún, tó ń ti páìpù rọ́bà tín-ín-rín bọ inú iṣan, tó sì ń fa omi sí i lára. Omi lásán kọ́ ni o. Bí omi lásán bá wọnú ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa á mu ún yó títí wọn á fi bẹ́. Iyọ̀ inú omi tí wọ́n ń fà síni lára ti wà ní ìwọ̀n tó bá ti ẹ̀jẹ̀ mu. Dókítà á fi ṣúgà díẹ̀ kún un bí ti inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, á fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń dá èébì dúró, àti oògùn apa-bakitéríà. Bí a bá fi í sílẹ̀ láìtọ́jú, nǹkan bí 9 nínú 10 ló ń kú. Bí a bá tètè gbé e dé, 8 tàbí 9 nínú 10 lè yè é.

Epo pupa tí a máa ń dà sí ọmọ ajá lẹ́nu ń dùn mí púpọ̀, nítorí ìfẹ́ ni àwọn ènìyàn fi ń ṣe é. Ọmọ ajá tó ti rẹ̀ kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Epo yẹn á ṣi ọ̀nà gbà, á wọ ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn kejì á sì bá ti àkọ́kọ́. Oògùn Flagyl tí a lọ̀ sínú omi kò lè pa fáírọ́ọ̀sì. Kíkorò rẹ̀ sì lè mú kó tún bì.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń dènà rẹ̀, àwọn ènìyàn sì máa ń bi mí pé kí ló dé tí a fi ń gbà á léraléra. Nínú wàrà àkọ́kọ́ tí ìyá ajá fún ọmọ rẹ̀ mu, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara wà tó ń dáàbò bò ó. Ẹ̀ṣọ́ kan náà ló ń pa àjẹsára run kí ara ọmọ tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀ṣọ́ ìyá máa tán kò dọ́gba lára ọmọ kan sí èkejì. Nítorí náà, láti ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ la ti ń bẹ̀rẹ̀, a sì ń tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra títí yóò fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Ibi tútù tí kò lọ sílẹ̀ ju 2 tí kò sì ju 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni àjẹsára ń gbé. Bí a ṣe mọ iná mànàmáná wa, ẹ bi dókítà yín bó ṣe ń tọ́jú tirẹ̀ nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Ìbéèrè náà kì í ṣe àrífín.

Fáírọ́ọ̀sì yìí kò ní awọ ọ̀rá lára, ìdí nìyẹn tí ọṣẹ àti sípíríìtì kò fi rí i pa. Omi bílíìṣì bíi Hypo tàbí Jik ló ń pa á: ìwọ̀n kan sí ọgbọ̀n ìwọ̀n omi, lẹ́yìn tí a bá ti fọ ìdọ̀tí kúrò ná, kí ó sì wà ní tútù lórí ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Orí sìmẹ́ǹtì àti abọ́ oúnjẹ nìyẹn ti ń ṣiṣẹ́. Nínú yẹ̀pẹ̀ àgbàlá, fáírọ́ọ̀sì náà lè wà láàyè fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọ ajá bá ti kú sílé yín, ajá tó ti gba gbogbo àjẹsára rẹ̀ tán nìkan ni kí ẹ mú wá síbẹ̀.