Ìtọ́jú Ikùn Lẹ́yìn Ìparí Nǹkan Oṣù
Ẹ̀yin ìyá wa, láàárín ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù máa ń parí fún ọ̀pọ̀ obìnrin. Nígbà náà, ọ̀rá a máa kó jọ sí ikùn, ìgbẹ́ sì lè máa le. Oògùn tí ń múni yàgbẹ́ kì í dín ọ̀rá kù. Omi ara ni ó ń fà jáde.

Ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ dín òkèlè kù. Ẹ fi ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ìbẹ́pẹ kún oúnjẹ yín.
2. Ẹ máa mu omi dáadáa.
3. Ẹ máa fi ẹsẹ̀ rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 30, ó kéré tán ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀.

Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tún dé lójú ara lẹ́yìn oṣù 12 tí nǹkan oṣù ti parí, ẹ má ṣe fi pamọ́. Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn.