Ṣé Iyùn Yìí Ti Kú, àbí Kámẹ́rà Ló Ń Parọ́?

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtìjú ara mi bẹ̀rẹ̀.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo sọ̀rọ̀ ní sẹ́mínà ẹ̀ka wa, mo gbé fọ́tò mẹ́ta sára ògiri. Ibì kan náà ni wọ́n ti ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní òkìtì iyùn kan ní American Samoa, ní Òkun Pàsífíìkì. Nínú èkíní, ti oṣù Kejìlá ọdún 2014, iyùn náà ní àwọ̀ tó dà bí oyin. Nínú èkejì, ti oṣù Kejì ọdún 2015, gbogbo rẹ̀ ti funfun báláú. Nínú ẹ̀kẹta, ti oṣù Kẹjọ ọdún 2015, kò funfun mọ́, àwọ̀ ilẹ̀ ti padà sí i lára. Mo bá sọ̀yà, mo ní, “Ẹ wò ó, ara rẹ̀ ti yá!”

Ọ̀gá kan tó jókòó lẹ́yìn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, òkú lo ń kí kú ewu yẹn o.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ojú mi rí fọ́tò, kò rí ohun tó wà nínú ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ látìgbà náà ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú yín lónìí: bí omi ṣe ń tan kámẹ́rà jẹ, àti bí a ṣe lè ya fọ́tò lábẹ́ òkun tó máa lè jẹ́rìí òtítọ́.

Iyùn wo là ń sọ?

Tí Yorùbá bá gbọ́ iyùn, ọrùn ọba àti ọrùn ìyàwó ni ọkàn wa máa ń lọ. Iyùn pupa yẹn náà, inú òkun ló ti wá. Egungun ẹranko kékeré kan ni, Òkun Mẹditaréníà sì ni wọ́n ti ń kó o jù. Egungun rẹ̀ pupa dénú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè gbẹ́ ẹ, kí wọ́n dá a lu, kó ṣì pupa síbẹ̀.

Iyùn tó ń kọ́ òkìtì nínú òkun ilẹ̀ olóoru yàtọ̀. Egungun tiẹ̀ funfun, irú èròjà kan náà tó wà nínú èèpo ẹyin àti ìkarahun ìgbín ló fi kọ́ ọ. Ẹranko lòun náà, kì í ṣe òkúta, kì í sì í ṣe ewéko. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn ayálégbé: ohun abẹ̀mí tíntìntín kan tí wọ́n ń pè ní zooxanthellae ń gbé inú ẹran ara rẹ̀. Wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ bí ewé ṣe ń ṣe é, wọ́n sì ń fi púpọ̀ nínú oúnjẹ náà san owó ilé fún onílé. Àwọn náà ló fún iyùn ní àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ oyin tí a ń rí.

Tí omi bá wá fi ìwọ̀n 1 péré lórí òṣùwọ̀n Celsius gbóná ju bó ṣe máa ń gbóná tó ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn lọ, tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4, àárín onílé àti ayálégbé á dàrú. Iyùn á lé wọn jáde. Ẹran ara tó kù á mọ́ gaara bíi gíláàsì, egungun funfun á wá hàn látinú. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ṣíṣá, bí aṣọ àdìrẹ ṣe máa ń ṣá.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: iyùn tó ṣá kò tíì kú. Ebi ló ń pa á. Tí omi bá tètè tutù, àwọn ayálégbé lè padà. Tí kò bá tutù, iyùn á kú, ewéko omi á sì hù bo egungun rẹ̀. Ewéko yìí ló ní àwọ̀ ilẹ̀ tí mo rí nínú fọ́tò kẹta. Ohun tí mo pè ní ara yíyá, koríko orí sàréè ni.

Ẹ bá mi ká lọ sí Lizard Island

Lizard Island jẹ́ erékùṣù kékeré kan ní àríwá Queensland, ní Ọsirélíà, nǹkan bí 240 kìlómítà sí àríwá ìlú Cairns. Jiigurru ni àwọn Dingaal tó ni ilẹ̀ náà ń pè é. Ní 1770 ni Captain Cook gúnlẹ̀ síbẹ̀, ó rí àwọn awọ́nríwọ́n, ló bá sọ ibẹ̀ ní erékùṣù aláǹgbá. Ó wà lára Great Barrier Reef, òkìtì iyùn tó gùn ju 2,300 kìlómítà lọ, tí UNESCO fi sínú ìwé ogún àgbáyé ní 1981. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ìmí wẹ̀ lábẹ́ omi ń ti ibi gbogbo wá síbẹ̀ láti ya fọ́tò. Australian Museum náà ní ibùdó ìwádìí níbẹ̀ láti 1973.

Ṣíṣá tó kárí ti ṣẹlẹ̀ ní Great Barrier Reef ní 1998, 2002, 2016, 2017, 2020, 2022 àti 2024. Ẹ wo bí àwọn ọdún náà ṣe ń súnmọ́ra. Ti 2016 le gan-an: nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún iyùn tó wà níbi tí omi kò ti jìn ló kú, apá àríwá tí Lizard Island wà ló sì jẹ ìyà jù. Ní ọdún yẹn, àwọn tó ń ṣe fíìmù Chasing Coral ń wọ omi Lizard Island lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, wọ́n ń ya àwọn iyùn kan náà lójú kan náà, títí wọ́n fi kú níṣojú wọn. Fíìmù náà jáde ní 2017. Òkun ò ní ẹnu, kámẹ́rà ló bá a sọ ọ́.

Ẹlẹ́rìí tó bá máa sọ̀rọ̀, a gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ojú rẹ̀ ríran dáadáa.

Omi ń jẹ àwọ̀ pupa

Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ojú wa rí bíi funfun, àwọ̀ òṣùmàrè ló pé sínú ẹ̀. Tó bá wọnú omi, omi kì í ṣe ojúsàájú díẹ̀ o: pupa ló máa ń kọ́kọ́ gbé mì. Tẹ́ ẹ bá fi máa lọ sí mítà 5, púpọ̀ nínú pupa ti lọ. Ní mítà 10, ó kù díẹ̀ kó tán pátápátá. Àwọ̀ ọsàn ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ti ìyeyè. Búlúù ló máa ń rìn jìnnà jù, ìdí sì nìyẹn tí gbogbo nǹkan ìsàlẹ̀ òkun fi ń dà bí aṣọ aró. Tí òmùwẹ̀ kan bá fara pa ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í pọ́n, ṣe ló máa ń dà bí ewé tàbí kó dúdú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: kì í ṣe jíjìn nìkan là ń kà. Tí iyùn bá wà ní mítà 5 sísàlẹ̀, tí ẹ sì dúró ní mítà 2 sí i, ìmọ́lẹ̀ ti rin mítà 5 wálẹ̀, ó tún máa rin mítà 2 wá sínú lẹ́ǹsì yín. Ó di mítà 7. Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́ fún ẹni tó ń ya fọ́tò lábẹ́ omi ni: súnmọ́ ọn. Tó o bá rò pé o ti súnmọ́ ọn, tún súnmọ́ ọn díẹ̀ sí i.

Ẹnì kan á ní, “Ṣé a ò lè fi fóònù tún àwọ̀ ẹ̀ ṣe lẹ́yìn náà ni?” A lè ṣe é dé ìwọ̀n kan. Kámẹ́rà lè gbé pupa díẹ̀ tó kù sókè. Àmọ́ ohun tí kò sí nínú ìkòkò, ṣíbí ò lè bù ú. Tí pupa bá ti tán, ẹni tó bá fi ipá dá a padà, àwọ̀ àròsọ ló ń kùn. Ní 2019, Derya Akkaynak àti Tali Treibitz gbé ọ̀nà ìṣirò kan jáde tí wọ́n pè ní Sea-thru. Ó máa ń kọ́kọ́ ṣírò bí ohun kọ̀ọ̀kan nínú fọ́tò ṣe jìnnà sí kámẹ́rà tó, kó tó pinnu iye àwọ̀ tí omi jẹ lára rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ìjìnnà náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé.

Fíláàṣì àti ọyẹ́

Ọ̀nà míì ni kéèyàn gbé ìmọ́lẹ̀ tiẹ̀ dání. Ní 1926, W. H. Longley àti Charles Martin ya ẹja kan ní Dry Tortugas, ní Florida. Ìyẹ̀fun magnesium ni wọ́n sun lórí ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan lójú omi kí ìmọ́lẹ̀ lè tó. National Geographic gbé e jáde ní oṣù Kìíní ọdún 1927, ó sì wà lára fọ́tò aláwọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n yà lábẹ́ omi.

Lóde òní, iná fíláàṣì lásán ti tó. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí awakọ̀ bá tan iná gíga nígbà ọyẹ́: eruku á gba iná náà, á dá a padà sójú rẹ̀, kò ní rí ọ̀nà mọ́. Omi òkun náà ní eruku tiẹ̀. Tí fíláàṣì bá wà lórí kámẹ́rà gan-an, fọ́tò yín á kún fún ẹ̀kán funfun bíi yìnyín. Ẹ gbé iná náà sí ẹ̀gbẹ́, ní apá gígùn, kó yà díẹ̀ síta. Eruku tó wà láàárín lẹ́ǹsì àti iyùn ò ní gba iná tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ má sì tìtorí pé wọ́n ní fóònù yín ò bẹ̀rù omi, kẹ́ ẹ gbé e wọ òkun láìní àpótí tí wọ́n ṣe fún un. Ní mítà 10, omi ń fi nǹkan bíi kílò 1 tẹ sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó. Ojú fóònù tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7 sí 15, ó jẹ́ nǹkan bíi kílò 100. Àpò sìmẹ́ńtì méjì lẹ gbé lé e lórí yẹn.

Funfun tòótọ́ àti funfun irọ́

Ẹ jẹ́ ká wá so ó pọ̀. Tí fíláàṣì bá pọ̀ jù, iyùn tí ara rẹ̀ le koko á dà bí èyí tó ṣá. Tí fíláàṣì ò bá sí, èyí tó ṣá á dà bíi búlúù, kò ní jọ wàhálà kankan. Fọ́tò kan ṣoṣo lè mú wa pariwo lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀, ó sì lè mú wa dákẹ́ nígbà tó yẹ ká pariwo.

Ohun tí CoralWatch, tó bẹ̀rẹ̀ ní University of Queensland ní 2002, fi yanjú ẹ̀ rọrùn débi pé ẹ̀rín pa mí: páálí aláwọ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní oríṣi àwọ̀ tí wọ́n fún ní nọ́ńbà láti 1 dé 6. Èyí tó ní 1 ló ṣá jù, èyí tó ní 6 ló dúdú jù. Òmùwẹ̀ á gbé páálí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyùn, á wo èyí tó bá a mu, á kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Ìdí tó fi ṣiṣẹ́ ni pé omi tó jẹ pupa lára iyùn, òun náà ló jẹ ẹ́ lára páálí. Ìyà kan náà ló jẹ àwọn méjèèjì, a lè fi wọ́n wé ara wọn.

Tó bá wá di ọjọ́ tẹ́ ẹ máa ya fọ́tò iyùn, ẹ ṣe nǹkan wọ̀nyí:

1. Ẹ fi páálí aláwọ̀ sínú fọ́tò náà, kó jìnnà sí lẹ́ǹsì bí iyùn ṣe jìnnà.
2. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, bí omi ṣe jìn tó àti bó ṣe gbóná tó.
3. Ẹ padà síbẹ̀, kẹ́ ẹ tún un yà lójú kan náà. Fọ́tò kan ò lè sọ ìtàn.
4. Ẹ ya èyí tó súnmọ́ gan-an. Iyùn tó wà láàyè máa ń fi ẹnu rẹ̀ kéékèèké hàn. Èyí tó ti kú, ewéko bíi irun ló máa bò ó.
5. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́. Omi máa ń mú kí nǹkan tó wà ní mítà 4 dà bíi pé mítà 3 ló wà, bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbá iyùn nìyẹn. Irú èyí tó rí roboto kì í sábà ga ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ lọ́dún. Fọ́tò ìṣẹ́jú kan lè ba iṣẹ́ ogún ọdún jẹ́.

Ẹ dán an wò nílé

Mi ò tíì dé Lizard Island, ọ̀pọ̀ yín náà ò sì tíì débẹ̀. Ẹ mú tòmátò pupa kan àti bébà funfun kan wọ yàrá tó ṣókùnkùn. Ẹ fi ọ̀rá búlúù tó nípọn bo iná fóònù yín, kẹ́ ẹ tan án sí wọn. Tòmátò á dúdú, bébà á di búlúù. Ẹ pe àbúrò yín kan wọlé, kẹ́ ẹ bi í pé àwọ̀ wo ni tòmátò yẹn. Bó bá wo òun nìkan, ó lè ṣì í. Ṣùgbọ́n tó bá wo bébà, tó sì rántí pé funfun ni bébà, á mọ̀ pé iná ló ń parọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Òkìtì iyùn ò ní ogún ọdún láti fi dúró. Nítorí náà, tí wọ́n bá tún fi fọ́tò iyùn ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó pín in: níbo ni, nígbà wo ni, báwo ló ṣe rí ṣáájú, kí ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tá a lè fi wọn àwọ̀? Èmi ti kí òkú kú ewu lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin ò ní ṣe bẹ́ẹ̀.